Ṣa-ṣa-ṣa
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí a ti ń kọ́ ijó cha-cha-chá dé ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ ìyá tí a jọ ń jó lẹ́sẹ̀! Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín: "Má wolẹ̀ mọ́, ọmọ mi, ìlù ni kó o gbọ́."

Kúbà ni ijó yìí ti wá. Enrique Jorrín tó ń ta violin ló dá orin rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Wọ́n ní ìró bàtà àwọn oníjó ló fi sọ ọ́ lórúkọ.

Mi ò gbà á gbọ́, àfìgbà tí olùkọ́ pa orin. Bàtà gbogbo wa ń ha pákó ilẹ̀: ṣa-ṣa-ṣa. Orí mi wú. Tèmi nìkan ló ń kẹ́yìn, ṣa-ṣa... ṣa.

Ta ló ti jó o rí nínú yín? Ìgbà wo lẹsẹ̀ yín gbọ́ràn?