Ara Kan Ṣoṣo Ni Agbábọ́ọ̀lù Ní

Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2008, ilé wa ní Ìbàdàn ti kún fún èèyàn kí aago márùn-ún tó lù. Iná kò sí ní àdúgbò, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí bàbá mi rà ń pariwo lábẹ́ fèrèsé, àwa ọ̀dọ́ sì ká ẹsẹ̀ kò lórí ẹní níwájú tẹlifíṣọ̀n, nítorí pé ọ̀sán gangan ni àsìkò yẹn jẹ́ ní Beijing, níbi tí Nàìjíríà ti fẹ́ kojú Argentina nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì. Oòrùn lọ́hùn-ún mú débi pé rẹfirí dá eré dúró kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. Ní ìṣẹ́jú 58, Lionel Messi rí Ángel Di María tó ti ń sáré lọ síwájú, ó taari bọ́ọ̀lù sí i, Di María sì gbé e gba orí aṣọ́lé wa kọjá wẹ́rẹ́, bí ẹni ń gbé abọ́ kọjá lórí ọmọ tó sùn. Góòlù kan ṣoṣo yẹn ló gba àmì ẹ̀yẹ wúrà mọ́ wa lọ́wọ́.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ yìí, ilé-ẹjọ́ ti ní wọ́n lè dá a dúró o.” Mo rò pé ìbínú ló ń sọ ọ́, àfi ìgbà tó ṣàlàyé fún wa. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ yẹn gan-an, CAS, ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó ń dá ẹjọ́ eré ìdárayá, ti dájọ́ pé kò sí òfin tó mú un ní dandan fún kílọ́ọ̀bù láti yọ̀ǹda agbábọ́ọ̀lù fún Òlíńpíìkì. Barcelona, kílọ́ọ̀bù Messi, wà lára àwọn tó pe ẹjọ́ náà, pẹ̀lú Schalke 04 àti Werder Bremen láti Jámánì. Barcelona jàre, síbẹ̀ wọ́n ní kí ọmọ náà dúró sí China nítorí pé ó wù ú tọkàntọkàn láti gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá tún wo tẹlifíṣọ̀n títí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa orúnkún rẹ̀ òsì, ó wá béèrè pé, “Tó bá wá ṣèṣe lọ́hùn-ún ńkọ́? Ta ni ì bá bá a tọ́jú ẹ̀?”

Gbogbo wa tó wà nínú ilé la mọ ohun tó mú un béèrè. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà, Bọ̀ọ̀dá ń gbá bọ́ọ̀lù fún kílọ́ọ̀bù kan. Owó oṣù ibẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ìpínlẹ̀ kan ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá ṣojú àwọn níbi ìdíje kan, kílọ́ọ̀bù sì jẹ́ kí ó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń kùn. Ọjọ́ kẹrin tó dé ìpàgọ́ ni orúnkún rẹ̀ yí, níbi tí wọ́n ti ń gbáradì lórí pápá tó le bí ojú títì. Àwọn tó pè é fún un ní owó mọ́tò pé kí ó padà sọ́dọ̀ kílọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀hún, kílọ́ọ̀bù ní ọ̀dọ̀ àwọn kọ́ ló ti ṣèṣe. Mo ṣì kéré, ṣùgbọ́n mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń gbé omi inú ọ̀rá tó ti dì le e lórúnkún ní àárọ̀, tí yóò sì fi Aboniki pa á ní alẹ́ títí tí òórùn rẹ̀ fi wọ inú aṣọ ìbora gbogbo wa. Nígbà tó yá wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Ó rìn padà, kò sì tiro púpọ̀, ṣùgbọ́n kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà.

Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi í gbà á nígbà tí agbábọ́ọ̀lù wa kan kò bá dé ìpàgọ́ Super Eagles, tí àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò nífẹ̀ẹ́ ilé, pé owó òyìnbó ti rà á. Wọ́n á ní ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà dùn, n kò sì ní sọ pé kò bá ọ̀rọ̀ mu rárá. Ṣùgbọ́n ìdí tí à ń fẹ́ so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ yìí, ara èèyàn ẹlẹ́ran ni, ẹyọ kan ṣoṣo ni, àwọn méjì, kílọ́ọ̀bù àti ilẹ̀ rẹ̀, ló sì ń sọ pé àwọn ló ni ín. Èyí tó bá fẹ́ kí a gbà pé òun ló ni ín jù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a rí i nínú bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Òfin tí FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti yé èèyàn. Wọ́n ti fi àwọn àkókò kan sílẹ̀ nínú ọdún fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè, bí àkókò náà bá sì tó, kílọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bá pè, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú. Kílọ́ọ̀bù tó bá kọ̀ kò ní lè lo agbábọ́ọ̀lù náà ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ọjọ́ márùn-ún mìíràn lórí rẹ̀. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń pè é ni pé kí ó kọ̀wé, kí ìwé náà sì tẹ kílọ́ọ̀bù lọ́wọ́, ó kéré tán, ní ọjọ́ 15 kí àkókò náà tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin yìí kò sọ ohunkóhun nípa orúnkún tó yí. Ọmọ ilẹ̀ Morocco kan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ti ilé-ẹjọ́. Abdelmajid Oulmers ń gbá bọ́ọ̀lù fún Charleroi ní Belgium nígbà tí Morocco pè é fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Burkina Faso ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Ó ṣèṣe níbẹ̀, ó sì tó nǹkan bí oṣù mẹ́jọ kó tó padà. Charleroi ń san owó oṣù fún ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ fún wọn, wọ́n wá pe FIFA lẹ́jọ́, ẹgbẹ́ àwọn kílọ́ọ̀bù olówó Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní G-14 sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ọdún 2008 ni wọ́n tó fi ẹjọ́ náà sílẹ̀, lẹ́yìn tí FIFA àti UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ti gbà láti máa fún àwọn kílọ́ọ̀bù lówó. Láti ọdún 2012, bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ orílẹ̀-èdè tí kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù fún ohun tó lé ní ọjọ́ 28, FIFA ń bá kílọ́ọ̀bù san owó oṣù rẹ̀, ó lè tó mílíọ̀nù 7.5 owó yúrò lórí ẹnì kan láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn Ife Àgbáyé ti Qatar ní 2022, mílíọ̀nù 209 dọ́là ni wọ́n pín fún kílọ́ọ̀bù 440 nítorí àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n yọ̀ǹda, Yúróòpù ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì lọ. Mo máa ń ronú kan Bọ̀ọ̀dá nígbà tí mo bá ka iye owó wọ̀nyí.

Nígbà tí àwọn kílọ́ọ̀bù ti gba ìdáàbòbò wọn, ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀dọ̀ tiwa. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Emmanuel Dennis ni Watford gbójú lé jù lọ láti máa gbá góòlù wọlé nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ rẹ̀ jáde nínú ikọ̀ tí yóò lọ sí Cameroon fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, Watford wá ní ìwé ìpè náà kò tẹ àwọn lọ́wọ́ títí ọjọ́ fi kọjá. Bí Dennis kò ṣe lọ nìyẹn. Odion Ighalo náà kò rí àyè kúrò lọ́dọ̀ kílọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Saudi Arabia. Super Eagles borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìpele àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé iwájú Tunisia, tí góòlù ṣòro, tí wọ́n sì lù wọ́n ní 1-0, a rí i pé àga ìjókòó àwọn arọ́pò ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn bú Watford. Èmi náà kò fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ìdíje tí a ti mọ ọjọ́ rẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn kò yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé ni yóò dá agbábọ́ọ̀lù wa dúró. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó mọ̀ pé aládùúgbò òun kò fẹ́ yá òun ní àkàbà kì í dúró di ọjọ́ tí òrùlé jò kó tó lọ béèrè.

Ti Mikel John Obi ló ń dùn mí jù. Ọmọ ọdún 29 ni ní ọdún 2016, ó ti lo ọdún mẹ́wàá ní Chelsea, kò sì sí ẹni tó lè fi ipá mú un lọ sí Òlíńpíìkì Rio, nítorí pé ìdájọ́ 2008 ṣì dúró. Ó lọ, òun sì ni olórí ikọ̀. Ẹ wo ohun tó bá pàdé lọ́hùn-ún: ọ̀rọ̀ bàálù dojú rú débi pé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kojú Japan gan-an ni ikọ̀ wa tó balẹ̀ sí Manaus láti Amẹ́ríkà. Inú bàálù ni wọ́n ti bọ́ sórí pápá, kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì borí ní 5-4. Owó àjẹmọ́nú wọn kò jáde, àánú ọmọkùnrin wa sì ṣe oníṣègùn kan láti Japan tó fún wọn lówó láti àpò ara rẹ̀. Wọ́n gba bàbà wálé pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Mikel padà dé London, kò tún gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún Chelsea mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ó ti wà ní Tianjin, ní China. Mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ bá agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ilé yẹ kí ó kọ́kọ́ ro èyí dáadáa.

Ìrìn àjò gan-an ń jẹ ara wọn ju bí a ṣe mọ̀ lọ. Agbábọ́ọ̀lù lè gbá bọ́ọ̀lù ní Ítálì ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó wọ bàálù lọ́jọ́ Ajé, kó tún pààrọ̀ òmíràn ní Èkó tàbí Àbújá kí ó tó dé Uyo, kó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan níbẹ̀, kó tún rìnrìn àjò lọ gbá èkejì ní ilẹ̀ mìíràn, kí kílọ́ọ̀bù sì máa retí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n darí bàálù Super Eagles tó ń lọ sí Benghazi sí pápákọ̀ òfurufú Al Abraq ní Libya, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ ibẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí 12. Àwòrán wọn jáde níbi tí wọ́n ti nà gbalaja lórí àga, tí wọ́n fi àpò ṣe ìrọ̀rí. Wọ́n kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù náà, CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, sì fún Nàìjíríà ní góòlù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Máàkì mẹ́ta dé, ṣùgbọ́n CAF kò lè dá oorun alẹ́ ọjọ́ yẹn padà fún ẹnikẹ́ni.

Victor Osimhen ti mọ gbogbo èyí láti ìgbà tó ti dé Napoli. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n san owó tó pọ̀ jù nínú ìtàn kílọ́ọ̀bù náà lórí rẹ̀ nígbà tó wá gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Sierra Leone ní ìlú Benin, ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2020. Góòlù mẹ́rin sí òdo la kọ́kọ́ gbá, kó tó di pé ó parí sí 4-4. Èjìká Osimhen yẹ̀ níbẹ̀, kò sì tún gbá bọ́ọ̀lù fún Napoli títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ kan péré ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Rabat, mo rí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ bọ̀ lójú kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kọ̀ láti gbáradì nítorí owó àjẹmọ́nú tí wọ́n jẹ wọ́n. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n fi ìṣẹ́jú 120 lu Gabon ní 4-1, Osimhen sì gbá góòlù méjì nínú àkókò àfikún, nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn ti wúwo bí irin. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún bọ́ síwájú DR Congo, pé ẹni tó bá borí nìkan ló ṣì nírètí àtilọ sí Ife Àgbáyé. Osimhen kò jáde wá fún abala kejì. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀. A pàdánù nínú pẹnáritì.

Nígbà tí CAF kéde ní oṣù kejìlá ọdún yẹn pé láti 2028 lọ ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà yóò máa wáyé, àwọn kan ní ara agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n rò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé nígbàkígbà tí àyè kò bá gba gbogbo wa nínú kàlẹ́ńdà, ìdíje tí a ti ń ṣe láti ọdún 1957 la máa ń gé kúrú, nígbà tí Ife Àgbáyé àwọn kílọ́ọ̀bù gbòòrò di ti ẹgbẹ́ 32 ní ọdún 2025 bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù yóò gbé e.

Bọ̀ọ̀dá ti lé ní ogójì ọdún dáadáa báyìí. Ní alẹ́ ọjọ́ DR Congo yẹn, abala kejì kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tó pè mí láti Ìbàdàn. N kò tíì kí i tán tó fi béèrè pé, “Ọmọ yẹn ò jáde. Ta ló máa bá a tọ́jú ẹsẹ̀ yẹn?” Mo ní àwọn dókítà Galatasaray, kílọ́ọ̀bù rẹ̀, ni, Bọ̀ọ̀dá, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò tó bá ti padà dé Istanbul. Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ariwo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó sì ní kí n jẹ́ kí òun padà lọ wo èyí tó kù.