Yàrá mẹ́jọ, orí kan

Ilé kẹrìndínlógún tí mo wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni bírò ti dúró lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2006 ni, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkànìyàn káàkiri Nàìjíríà. Tíṣà ni mí nígbà náà ní Òkè-Onígbìn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin ní ìpínlẹ̀ Kwárà, wọ́n sì mú àwa tíṣà mélòó kan mọ́ àwọn tó ń kà. Ilé náà ní yàrá mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Páànù orí rẹ̀ ṣì ń dán. Wọ́n fi táìsì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé mo bọ́ bàtà kí n tó wọlé. Ìyá àgbà kan jókòó sórí àga onírọ́bà, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ẹ kú ilé, mà. Ẹ̀yin mélòó lẹ sùn síbí lálẹ́ àná?"

"Tíṣà, ta ló tún fẹ́ sùn síbí? Èmi àti Ọlọ́run ni."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi. Àkọ́bí wà ní Èkó, èyí tó tẹ̀ lé e wà ní Kàdúná, ọ̀kan wà ní Ìlú Ọba, méjì wà ní Ìlọrin. Ó ní kí n kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Mo ní òfin kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí a bá bá nílé là ń kà. Ó gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Àwọn tó kọ́lé gan-an lo wá ní wọn ò sí nílé yìí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo kọ 1.

Nígbà tí èsì jáde tán, mo jókòó ti ìwé ìròyìn, mo ń fi ẹ̀rọ ìṣirò ro ó. Gbogbo Kwárà jẹ́ 2,365,353. Ìsin tiwa jẹ́ 59,738, Òkè-Ẹ̀rọ̀ jẹ́ 57,619, Èkìtì, ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Kwárà níbí, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Èkìtì, jẹ́ 54,850. Mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn ò tó ìdajì Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin nìkan, tó jẹ́ 364,666. Bí a bá wá pa ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tó ń jẹ́ Ìlọrin pọ̀, 777,667 ni. Nínú èèyàn mẹ́ta tó wà ní Kwárà, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ará Ìlọrin.

Àwọn kan máa ń mú ìṣirò ọdún 1963 wá, wọ́n á ní ẹ wo bí Kwárà ti pọ̀ sí i tàbí dín kù. Ẹ ṣọ́ra fún wọn. Oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n yọ Kogí kúrò lára wa, tí Borgu náà sì bọ́ sí ìpínlẹ̀ Niger. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ka èèyàn. Kwárà tí wọ́n kà nígbà náà, tó jẹ́ 1,548,412, kì í ṣe ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Kwárà tẹ́lẹ̀.

Kì í kúkú ṣe òní la ti ń lọ. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ọ̀fà kí ọdún 1910 tó pé, ẹni tó bá sì ti wọ̀ ọ́, ó di Èkó tàbí Òkè Ọya. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà Gánà. Bàbá mi tajà ní Tamale títí Busia, olórí ìjọba Gánà, fi lé wọn lọ́dún 1969. Àpótí onírin méjì ló gbé wálé, kò sì pé ọdún kan tó tún fi jáde lọ sí Kàdúná. Ọ̀rọ̀ pé oko ló lé àwọn ọ̀dọ́ sá, mi ò gbà á tán. Ilé wa ti jẹ́ ilé àwọn tó lọ kí wọ́n tó bí mi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lórí fọ́ọ̀mù yẹn kò sí lójú ibi tí a ti ń ka orí. Wọ́n ní ká béèrè ibi tí ilé ti ń rí omi, ohun tí wọ́n fi ń dáná, irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ní, bóyá wọ́n ní rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fóònù alágbèéká. Ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà, ọdún márùn-ún péré, ó ti di ìbéèrè ìjọba. Fóònù wà ní kókó ìró ìyá yẹn. Tẹlifíṣọ̀n wà ní pálọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. Kànga ló ti ń pọnmi, igi ló fi ń dáná, ṣáláńgá sì wà lẹ́yìn ilé. Mo ro ó títí, ó wá yé mi: ohun tí ọmọ kan lè dá rà ló ń wá láti Èkó àti Ìlú Ọba. Ọmọ kan lè dá ra táìsì. Kò sí ọmọ tó lè dá fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú.

Ní ilé méjì sí ibẹ̀, mo bá èèyàn mẹ́tàdínlógún nínú yàrá mẹ́ta. Wọ́n ti pe ọmọ wálé láti wá kún iye. Orí èèyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó tó ń ti Àbújá wá, gbogbo wa la mọ̀. Àwọn ọmọ náà ń hánrun lórí ẹní. Mo kà wọ́n, nítorí wọ́n sùn síbẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì tí ìkànìyàn parí, gbogbo wọn ti padà.

Èmi náà kó lọ sí Tankẹ́ ní Ìlọrin lọ́dún 2010. Ìkànìyàn mìíràn ìbá bá mi níbẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n ní yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú. Iye ọdún 2006 la ṣì ń lò, ọmọ tí mo kà sẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà ti ń wá ìyàwó báyìí.

Mo dé Òkè-Onígbìn lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ọlọ́kadà yà mí sí ilé oníyàrá mẹ́jọ náà. Ìyá ti kú, wọ́n ti ṣe òkú rẹ̀ tán, yàrá mẹ́fà wà ní títì pa. Ọkùnrin Tiv kan tó ń bá àwọn ará ìlú roko ló gba méjì yòókù pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Nọ́ńbà tí mo fi máàkà kọ sókè ilẹ̀kùn ṣì hàn díẹ̀díẹ̀. Mo bi obìnrin náà pé èèyàn mélòó ló sùn síbẹ̀ lálẹ́ àná.

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá Ìlọrin dá mi lóhùn.

"Mẹ́fà, sà. Àti ewúrẹ́ méjì."