Màmá Tó Wà ní Ilé Ìtọ́jú, Màmá Tó Wà Nílé: Ta Ló Ń Yẹ Ìtọ́jú Wọn Wò?

Bí ẹnìkan bá fi ìyá tàbí bàbá rẹ̀ sí ilé ìtọ́jú àgbà ní Ìlú Ọba, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Òṣogbo. Ìdájọ́ ti jáde nìyẹn: wọ́n ti lọ ju ìyá wọn sí ilé arúgbó. Ẹ̀gbọ́n á kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé ìwà òyìnbó ti wọ̀ wọ́n lára. Àǹtí á ní ṣé torí èyí ni Màmá ṣe ta góòlù rán yín níwèé. Kò ní sí ẹnìkan tó máa béèrè iye ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, tàbí bí gìgísẹ̀ Màmá ṣe rí. Wọn kì í sì í béèrè rẹ̀ nípa Màmá kejì, èyí tó wà nílé, ní yàrá ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì pé ọdún 20, tí gbogbo ẹbí gbà pé àárín àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà.

Ohun tí gbogbo wa mọ̀, ẹ jẹ́ ká tètè kọjá rẹ̀. Nílé, oòrùn ń ràn, aládùúgbò ń yà wọlé kí àgbà, wọ́n ń gbọ́ èdè rẹ̀, wọ́n sì ń kì í. Ní England, iná kì í lọ, omi gbígbóná ń yọ, bí èèyàn bá sì pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ọkọ̀ aláìsàn á dé, bó tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ká rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ilé ló borí, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ara bá ti kọ̀, tí àgbà ò lè dá dìde mọ́, oríkì kì í yí èèyàn padà lórí ibùsùn.

Ní England, kò sẹ́ni tó lè ṣí ilé ìtọ́jú àgbà láì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Care Quality Commission, àjọ tí a mọ̀ sí CQC, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Ìbéèrè 5 ni wọ́n fi ń yẹ ilé wò: ṣé ààbò wà, ṣé ìtọ́jú ń mú èso wá, ṣé àwọn òṣìṣẹ́ lójú àánú, ṣé wọ́n ń ṣe é bó ṣe bá ẹnìkọ̀ọ̀kan mu, ṣé olórí ibẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Máàkì 4 ló wà: Outstanding (ó tayọ), Good (ó dára), Requires Improvement (ó yẹ kó tún ṣe sí i) àti Inadequate (kò tó rárá). Òfin sọ pé kí ilé lẹ máàkì rẹ̀ mọ́ ibi tí àlejò á ti rí i. Ní Scotland, àjọ mìíràn ni, Care Inspectorate, oókan sí ẹẹ́fà sì ni wọ́n ń fún ilé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀ ni pé a máa ń rí Good, a ó sì pa fóònù dé. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà. Ìwádìí tí ìjọba gbé lé Penny Dash lọ́wọ́ ní 2024 sọ ọ́ ní gbangba pé àyẹ̀wò CQC ti falẹ̀, máàkì àwọn ilé kan sì ti gbó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ìbéèrè márààrún wò. Ilé lè gba Good lápapọ̀ kó jẹ́ pé Requires Improvement ló gbà lábẹ́ ààbò, ààbò sì ni oògùn, ìṣubú àti iye òṣìṣẹ́ wà. Ẹ tún wò ó bóyá ilé náà ní nọ́ọ̀sì. Ilé tó ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tó gbàwé nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Èyí tí kò ní, nọ́ọ̀sì àdúgbò láti ọ̀dọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń yà wá síbẹ̀. Ẹni tó ní egbò ńlá, tàbí tó ń gba oúnjẹ láti inú rọ́bà, ilé àkọ́kọ́ yẹn ló yẹ ẹ́.

Máàkì ò tó ṣá. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, ẹ lọ lọ́jọ́ Àìkú ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán tàbí ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí máníjà ti lọ sílé. Bí ìtọ̀ bá ń rùn níbì kan láàárọ̀, kò burú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ pámpáàsì ni. Bó bá jẹ́ inú kápẹ́ẹ̀tì ni òórùn náà ti ń jáde, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Lọ́fínńdà tó bá pọ̀ jù, ẹ fura sí i. Ẹ wo okùn tàbí bọ́tìnì tí àgbà fi ń pe òṣìṣẹ́: ṣé ọwọ́ rẹ̀ tó o, àbí wọ́n so ó mọ́ ògiri lókè? Tí aago bá dún, ẹ ka ìṣẹ́jú. Ẹ wo ife omi. Jọ́ọ̀gì tó kún dẹ́nu ní aago mẹ́rin ọ̀sán túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó mu nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ wo èékánná, ẹ wo dígí ojú bóyá ó mọ́, ẹ béèrè bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Tí Màmá bá wọ súwẹ́tà tí orúkọ ẹlòmíì wà lọ́rùn rẹ̀, eyín àtọwọ́dá rẹ̀ náà lè wà lẹ́nu ẹlòmíì.

Ìwé ni mo gbàgbọ́ jù, ìwé náà sì ń purọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ṣáàtì omi Màmá hàn yín. Bí ó bá jẹ́ 200 mílílítà ní gbogbo wákàtí méjì láì yẹ̀, ẹnìkan ló jókòó kọ gbogbo rẹ̀ nígbà tó fẹ́ máa lọ sílé, nítorí àgbà kì í mu omi bẹ́ẹ̀. Ìwé yíyí ẹni padà náà ńkọ́? Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú ní England, ni pé ẹni tí egbò ìdùbúlẹ̀ lè tètè mú, kí wọ́n máa yí i padà ó kéré tán ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, ẹni tí ewu tirẹ̀ pọ̀, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Bí àgbà 20 bá wà lórí ilẹ̀ kan, tí ìwé gbogbo wọn sì sọ pé aago méjì òru géérégé ni wọ́n yí wọn, òṣìṣẹ́ méjì kò lè ṣe é, ayédèrú ni. Gìgísẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lókè ìdí ni egbò náà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, kì í pọ́n kí ó tó bẹ́. Ṣe ló máa ń dúdú sí i tàbí kó rí bí àlùkò, ojú ibẹ̀ á gbóná tàbí kó le. Òṣìṣẹ́ tó ń wá àmì pupa nìkan ò ní rí i. Ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Oṣooṣù ni kí wọ́n máa wọn Màmá. Bó bá wúwo tó kílò 60 ní oṣù kẹta, tó di 57 ní oṣù kẹfà láì gbèrò, ìdá 5 nínú 100 ti lọ nìyẹn, ó sì ti tó ohun tí a ń pe dókítà sí. Ẹ wo ìwé oògùn bóyá àyè òfìfo wà níbi tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí. Àgbà tó ní àrùn ìgbàgbé, tó sì ń sùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fún un ní risperidone, oògùn tí wọ́n fi ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, tàbí irú rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí dókítà tún un yẹ̀ wò ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà.

Kò sí iye òṣìṣẹ́ tí òfin England dá fún àgbà kan. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n tó. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ béèrè: àwọn mélòó ló wà lóru, mélòó ló wá láti ẹ́jẹ́ǹsì tó ń yáni lóṣìṣẹ́, àgbà mélòó ló ń lo hoist, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹni tí kò lè dìde? Èèyàn méjì ló sábà máa ń gbé ẹnìkan pẹ̀lú hoist. Níbi tí òṣìṣẹ́ méjì péré bá wà lóru fún àgbà 30, bí àwọn méjèèjì bá wọ yàrá kan, aago tó bá ń dún níta yóò dún pẹ́.

Àwọn ará ilé tún rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí owó àti ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san gbogbo owó ilé ìtọ́jú. Ilé tó ń gbé lè wà nínú ìṣirò, àfi bí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ṣì ń gbé inú rẹ̀. Owó tí ẹ rò pé a ń kó pamọ́, ibẹ̀ ló ń gbà lọ.

Èyí tó ń dun èèyàn kọjá gbogbo ìyẹn ni èdè. Àrùn ìgbàgbé lè gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àgbà kí ó tó gba Yorùbá. Màmá tó ti gbé Peckham ní London fún ogójì ọdún lè jí lọ́jọ́ kan kó máa ké pé "omi, omi," kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń pariwo. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá sí bébà ńlá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn: omi, ìtọ̀, ìgbẹ́, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi. Ẹ kọ ọ́ pé kí ọmọ kékeré má pe Màmá lórúkọ. Ẹ kọ ọ́ pé òrí la fi ń pa ara rẹ̀, pé kí wọ́n má fi kóòmù òyìnbó fa irun rẹ̀. Oúnjẹ gba ìṣọ́ra: bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n máa lọ oúnjẹ rẹ̀, ẹ má yọ́ ẹ̀bà wọlé nínú báàgì, ó lè há a lọ́fun. Ẹ bá ilé ìdáná sọ ọ́, ẹ̀wà tí a lọ kúnná tàbí ògì ṣeé ṣe.

Nǹkan kan wà tí ẹnìkan kì í sọ nínú WhatsApp ẹbí. Láti oṣù kejì 2022, tí wọ́n ṣí físà fún àwọn tó ń tọ́jú àgbà, títí di 22 oṣù keje 2025, tí wọ́n dáwọ́ gbígbà láti òkè òkun dúró, àwọn ọmọ wa wọ iṣẹ́ yìí gan-an. Láti oṣù kẹta 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà náà kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ló ń yí ìyá òyìnbó padà ní aago méjì òru, ìyá tirẹ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta lọ́wọ́ ẹni tí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní yíyí.

Nílé, ìjọba ṣòfin National Senior Citizens Centre ní 2017, ilé àwọn àgbà ti ìjọba wà ní Yaba, ti ìjọ Àgùdà sì wà ní Mushin. Ṣùgbọ́n máàkì tí ọmọ tó wà lókè òkun lè ṣí lórí fóònù kó kà bíi ti CQC, kò sí. Fídíò la fi ń yẹ Màmá wò: wọ́n á nu ojú rẹ̀, wọ́n á wé gèlè fún un, wọ́n á gbé fóònù sí i lójú, á ní òun dúpẹ́. Fóònù kì í dé gìgísẹ̀.

Ó ṣeé yẹ̀ wò nílé náà o, ẹni tó bá fẹ́ ni. Ẹ ra ìwọ̀n, kí wọ́n ya nọ́ńbà tó gbé ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹ sanwó fún nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ara ẹbí, tó máa ń yà wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò sì ya fọ́tò gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣírò pámpáàsì: 4 lójúmọ́ jẹ́ 120 lóṣù. Bó bá jẹ́ 50 ni wọ́n rà, Màmá ń sùn nínú ìtọ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n tí ẹ sì ń fi owó ránṣẹ́ sí ò ní sọ ọ́. Ẹni tó bá béèrè nílé, wọ́n á ní ó ń fẹ̀sùn kan ẹbí. Níbí ní England, bí máníjà ò bá dáhùn ẹ̀sùn tí mo kọ, mo lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Local Government and Social Care Ombudsman, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìtọ́jú àgbà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń lu Màmá tàbí ebi ń pa á, káńsù, ìjọba ìbílẹ̀, ni mò ń pè lọ́jọ́ náà. Ta ni mo fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi ẹjọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn?

Nítorí náà, mi ò ní tọrọ àforíjì pé Màmá wà ní ilé ìtọ́jú. Ẹ̀gbọ́n tó ní a jù ú nù, ẹ fi ìwọ̀n Màmá yín ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ránṣẹ́, ti tiwa wà nínú fáìlì.