Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa yíyan iléeṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ìdánwò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iléeṣẹ́ tí bọ́ọ̀dù ìdánwò rẹ̀ wọ́n (pátákó pẹlẹbẹ tó ní ọ̀nà bàbà, tá à ń to èròjà ẹ̀rọ iná sí láti fi dán iṣẹ́ wò), owó bọ́ọ̀dù kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, owó gbígbé àti owó aṣọ́bodè ni. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe charge controller (ẹ̀rọ tó ń darí bí iná ṣe ń wọ bátìrì) fún sólà, ilẹ̀ Ṣáínà sì ni bọ́ọ̀dù mi ti ń wá. Iléeṣẹ́ JLCPCB ní Shenzhen ti polówó bọ́ọ̀dù márùn-ún, olójú méjì (tó ní bàbà lójú méjèèjì), tí kò ju mìlímítà 100 lọ níbùú lóròó, ní dọ́là 2. Òótọ́ ni, àmọ́ tí DHL bá fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, owó gbígbé á ti ju owó bọ́ọ̀dù lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Nítorí náà, mo máa ń kọ àdírẹ́sì mi sójú òpó iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí n tó fi àpapọ̀ owó wọn wéra. Èmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí tún máa ń da bọ́ọ̀dù pọ̀ sínú ẹrù kan, a ó sì pín owó gbígbé.

Ní ti ìyára, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó rán iṣẹ́. Bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé, FR-4 (èyí tí wọ́n fi fíbà gíláàsì ṣe), tó nípọn tó mìlímítà 1.6, tí bàbà rẹ̀ jẹ́ áńsì 1 (áńsì la fi ń sọ bí bàbà ṣe nípọn tó), ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Wọ́n á kó tiyín mọ́ tàwọn ẹlòmíràn sórí pátákó ńlá kan, á sì yára jáde. Tẹ́ ẹ bá ní bàbà áńsì 2 lẹ fẹ́, owó á lé, ọjọ́ náà lè lé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé dandan ni áńsì 2 níbi tí iná ńlá bá ń gbà kọjá. Fún ìdánwò, áńsì 1 ni mo ń lò: mo máa ń jẹ́ kí ọ̀nà iná fẹ̀, màá ní kí wọ́n má fi àwọ̀ tí wọ́n ń kùn sórí bàbà bo ibẹ̀, kí n lè fi áyọ́ọ̀nù da lẹ́ẹ̀dì lé e lórí kó nípọn. Àwọn tó ń tún inverter ṣe mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tó ń jẹ ọjọ́ jù ni ìbéèrè. Bí ẹnjiníà wọn bá rí ohun tí kò yé e nínú fáìlì Gerber yín (àwòrán bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn), á dá iṣẹ́ dúró, á sì fi ímeèlì béèrè. Ṣáínà fi wákàtí 7 ṣíwájú Nàìjíríà: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wa, aago mọ́kànlá alẹ́ ni lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fèsì nírọ̀lẹ́, ó di ọjọ́ kejì. Alẹ́ ni mo máa ń fi fáìlì ránṣẹ́, màá sì wo ímeèlì ní ìdájí. Kó tó kúrò lọ́wọ́ mi, màá ti fi GerbView inú KiCad (ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń ya bọ́ọ̀dù), tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wo gbogbo rẹ̀ ní ìpele-ìpele, pàápàá fáìlì tó ń sọ ibi tí wọ́n á lu ihò sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ yẹ OSH Park, iléeṣẹ́ bọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀, wò fún bọ́ọ̀dù kékeré: dọ́là 5 ni wọ́n ń gbà lórí íńṣì kan níbùú lóròó, fún ẹ̀dà mẹ́ta. Bọ́ọ̀dù ńlá á wọ́n níbẹ̀ o.

Kí n tó san kọ́bọ̀ fún iléeṣẹ́ tuntun, ìbéèrè kan ni mo fi ń dán wọn wò: ṣé gbogbo bọ́ọ̀dù lẹ máa ń fi iná mànàmáná yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó dì í, àbí ẹ kàn ń mú díẹ̀ nínú rẹ̀? Bí ìpolówó ni wọ́n fi dá mi lóhùn, mi ò ní gbé iṣẹ́ fún wọn. Ọ̀nà bàbà kan tó já lábẹ́ àwọ̀, tí ojú ò rí, lè mú kéèyàn máa tú ẹ̀rọ tí kò níṣòro palẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.