Fóònù ti fẹ́ ba orí mi jẹ́ o

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Ọláìyá ń lọ Òkè-Fìà, orí fóònù ni mo wà títí oníkẹ̀kẹ́ fi ní "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní sọ̀ ni?" Ojú tì mí gan! Lóru ńkọ́, aago méjì mo ṣì ń wo fídíò, iná ojú fóònù yẹn sì máa ń dí melatonin lọ́wọ́, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, bílẹ̀ bá wá mọ́ orí á máa fọ́ mi, màá máa kanra mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kíṣìnnì ni mò ń gbé e sí báyìí kí n tó sùn, aago oníbátìrì tí mo rà l'Ọ́jà Ọba ló ń jí mi. Ọjọ́ kẹta rèé, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì dìde lóru lọ yọjú wò ó sha.