Ta ló láṣẹ láti ní kí n gbélé?

Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ẹ̀kọ mímu lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, gbogbo wa sì mọ̀ pé títí di aago mẹ́wàá ni wọ́n máa ń ní kí onílé gbélé nítorí ìmọ́tótó àyíká. Kò tíì kọjá oríta Mọ́kọ́lá tí àwọn òṣìṣẹ́ kan fi dá a dúró, wọ́n sì ní kó jókòó sí ẹ̀bá títì pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti mú ṣáájú rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè òfin tí òun rú. Èyí tó kéré jù nínú wọn dá a lóhùn pé, "Àṣẹ ìjọba ni, mà." Ó san owó kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ, kò sì rí ìwé ẹ̀rí gbà lórí rẹ̀. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ ìyá, ẹ̀kọ ti tutù, ìyá sì ti lo oògùn àárọ̀ lórí òfìfo inú.

N kò lòdì sí ìmọ́tótó, n kò sì bá àwọn tó ń sọ pé òmìnira ni kí oníkálukú máa ṣe bó ṣe wù ú dọ́gba. Ọmọ Ìbàdàn tó bá rántí odò Ògùnpa kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò náà kún àkúnya, ó gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó sì gbé ọkọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún pa ènìyàn tó lé ní 100 nínú ìlú yìí. Ọlọ́run ló rọ òjò, ṣùgbọ́n pàǹtí tó dí ojú omi àti ilé tí wọ́n kọ́ sí etídò jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹni tó ń da pàǹtí sódò lápá òkè kì í sábà rí ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò, lápá Mọ́lété, ni omi ń bá nínú yàrá lóru. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Níbí gan-an ni mo gbà pé ẹ̀tọ́ òfin láti dí wa lọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀: níbi tí ohun tí mo ṣe ti di ìyà fún ẹni tí a kò jọ pinnu rẹ̀.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá gba ọ̀nà yìí. Abala 37 títí dé 41 fún wa ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ilé wa, sí ẹ̀sìn, sí ọ̀rọ̀ sísọ, sí ìpéjọpọ̀ àti sí lílọ bíbọ̀. Abala 45 wá sọ pé a lè fi òfin dín àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí kù nítorí ààbò ìlú, ètò àwùjọ, ìwà rere, ìlera gbogbo ènìyàn, tàbí láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó ń ṣèjọba fẹ́ràn láti máa ka àwọn ìdí yìí sí wa létí. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fò ni ọ̀rọ̀ "òfin" fúnra rẹ̀, nítorí òfin tó bójú mu ní àwùjọ ìjọba tiwa-n-tiwa ni abala náà dá láre, kì í ṣe ìkéde orí rédíò. Abala 36 tún fi kún un pé a kò gbọ́dọ̀ dá ènìyàn lẹ́bi àfi tí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá ti sọ ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ́ àti ìjìyà tó wà fún un. Orí èyí ni Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dúró lé ní ọdún 2016, nínú ẹjọ́ obìnrin kan tí wọ́n mú ní Èkó lásìkò ìmọ́tótó: àwọn adájọ́ ní àṣẹ tí gómìnà fi ẹnu pa kì í ṣe òfin, kò sì lè sọ rírìn lójú títì di ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí mo ka ìdájọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ pè. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ó túmọ̀ sí pé mi ò ṣẹ̀."

Mo rò pé mo mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Ìjọba ológun ọdún 1984 ló sọ ìmọ́tótó oṣooṣù di ohun tí a ń fi kóńdó ṣe, nígbà tí ohun tó bá ti ẹnu sójà jáde ti di òfin. Àwọn ológun kúrò ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n ìwà pípàṣẹ láìkọ òfin kò bá wọn lọ.

Ẹ wá wo apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó dùn mí ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ohun kan bú gbàmù ní Bódìjà Àtijọ́, àwọn tó jìnnà gan-an sí àdúgbò náà sì gbọ́ ọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ farapa, ilé sì wó lé àwọn tí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri aládùúgbò wọn. Bí ibì kan bá wà tí òfin ti lẹ́tọ̀ọ́ pátápátá láti wọ ilé onílé kó sì sọ pé rárá, ibẹ̀ ni. Òfin tó sì ní kí ẹni tó fẹ́ tọ́jú irú ohun bẹ́ẹ̀ gba ìwé àṣẹ ti wà ní ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí èmi. Ní orílẹ̀-èdè kan náà, obìnrin tó gbé ẹ̀kọ dání kò rí ọ̀nà kọjá níbi tí kò sí òfin, àwọn ohun abúgbàmù sì rí ọ̀nà wọ àárín ìlú níbi tí òfin wà. Ìdí nìyí tí n kò fi lè fara mọ́ àwọn tó ń rò pé ìjọba tó ń dí wa lọ́wọ́ púpọ̀ ni ìjọba tó ń dáàbò bò wá.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Mo tẹ̀ lé e tọkàntọkàn, nítorí ikọ́ mi lè pa ìyá arúgbó ilé kejì, a sì mọ wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí. Síbẹ̀, ẹni tó bá jáde lẹ́yìn aago méje kò di ẹran. Abala 34, tó ka ìfìyàjẹni àti ìtẹ́nilógo léèwọ̀, kò sí lára àwọn tí abala 45 ní a lè fi òfin dín kù. Kò sí àrùn tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti na ènìyàn ní ẹgba lójú títì. Abala 35 sì ní kí a gbé ẹni tí a bá mú dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Láti Mọ́kọ́lá dé kóòtù Ìyágankú kò tó kìlómítà 10.

Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwa onílé àdúgbò wa ri géètì irin sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì nítorí olè, a sì ń tì í ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo dìde, mo bèèrè pé kí ni aboyún tó ń rọbí ní aago kan òru yóò ṣe. Alága wa, tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, ní kí gbogbo wa fọkàn balẹ̀, pé kò sí ẹni tí yóò di aboyún lọ́nà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí a kọ ọ́ sílẹ̀." A jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n gbà pé kí kọ́kọ́rọ́ kan máa wà lọ́wọ́ ọdẹ, kí òmíràn sì wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní àárín àdúgbò. Wọn kò tíì gbà láti kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi yóò tún bèèrè ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.