Ogun Àgídìngbì lórí tábìlì oúnjẹ wa

Àwa tí à ń fi ọkọ̀ ogun kéékèèké ta ayò, irọ́ kan wà tí gbogbo wa jọ ń pa. Ẹ wo Graf Spee, ọkọ̀ àwọn ará Jámánì tó jà lẹ́nu odò Plate lóṣù Kejìlá ọdún 1939. Mítà 186 ni gígùn rẹ̀. Ní ìwọ̀n 1:1200, tí mítà 1200 gidi fi ń di mítà kan péré, ó di sẹ̀ǹtímítà 15 àti ààbọ̀, ó dùn-ún mú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bíi kìlómítà 18 ni wọ́n ti ń yìnbọn síra wọn. Ní ìwọ̀n kan náà, mítà 15 nìyẹn! Pálọ̀ wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta kò tó bẹ́ẹ̀, ká tiẹ̀ kó gbogbo àga síta. Torí náà, a máa ń gé òkun kúrú, a ó sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe tóbi tó. Ọkọ̀ méjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbára, a ó ní wọ́n jìnnà síra.

Èmi ti padà sílé ní tèmi, sí Ogun Àgídìngbì, ìgbà tí ọkọ̀ ogun àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì wá yìnbọn lu Èkó, oṣù Kejìlá 1851. Nínú ọ̀sà lẹ́bàá Ìsàlẹ̀ Èkó, ìjà náà súnmọ́ra débi pé ọkọ̀ àti omi lè wà ní ìwọ̀n kan. Mítà 600 di ààbọ̀ mítà péré. Tábìlì gbà á, àwo ọbẹ̀ ìyàwó mi ṣì ráyè.

Àjákù pákó láti Oko Baba ni mo fi gbẹ́ Bloodhound àti Teazer, ọkọ̀ ogun òyìnbó méjì. Orí pín-ìn-nì tí wọ́n fi ń de gèlè ni mo fi ṣe kẹ̀kẹ́ tí Bloodhound fi ń wa omi. Àwọn òpó tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà náà, rì sínú ọ̀sà láti dínà ńkọ́? Irun búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni. Tẹẹrẹ bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ méjèèjì ló fìdí kanlẹ̀ nígbà ogun náà, nítorí náà ẹni tó bá wọ ibi tómi ò jìn gbọ́dọ̀ ju dáìsì lúdò.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àdúgbò àwọn ọmọlẹ́yìn Kòsọ́kọ́, kì í gbà láti ṣe òyìnbó láéláé. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ṣe ìyẹn fúnra yín.” Ìṣòro dé lórí ilé Òṣòdì Tápà, olórí ogun Kòsọ́kọ́, níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì òyìnbó ti ba ẹ̀tù ìbọn, tí ó bú gbàmù. Mo ju dáìsì, mẹ́fà jáde. Ó ní kò kàn án, òun ti kó ẹ̀tù náà kúrò lóru. Mo ní ta ló fún un láṣẹ? Ó ní Kòsọ́kọ́ ni.